NǸKAN OṢÙ TÓ Ń ṢE SÉGESÈGE LẸ́YÌN OGÓJÌ ỌDÚN: KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ SÍ WA?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa láti sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà kọ̀ọ̀kan nínú ọjà ni a ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnì kan á ní, "Oṣù méjì ni mi ò rí nǹkan mi, ìgbà tó dé, ńṣe ló ya bí omi ẹ̀rọ." Ẹlòmíràn á ní, "Ooru ń mú mi lóru nígbà tí àwọn ará ilé mi ń bora." Ẹ̀kẹta á béèrè pé, "Ṣé oyún ni? Ṣé ibà ni? Àbí ẹnì kan ló ń ṣe mí?"

Ìyà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní ni ti ẹni tí kò sí àrùn lára rẹ̀, tó wá ń fi owó ọjà ra oògùn ibà, àgbo àti àdìpọ̀ oríṣiríṣi, títí owó á fi tán. Ìkejì ni ti ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ ní tòótọ́, tí wọ́n sọ fún pé "àgbà ló dé, fara dà á," tó jókòó sílé títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká là á yé ara wa, kí kálukú lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìdàgbà àti èyí tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ilé ẹyin méjì ló wà nínú ikùn obìnrin, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ti kó ẹyin tirẹ̀ wá sáyé, bíi mílíọ̀nù 1 sí 2 ní ọjọ́ tí a bí i. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù, púpọ̀ nínú wọn á ti kú dànù, á wá ku bíi 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo ìyẹn, bíi 400 sí 500 péré ló máa ń gbó tó ń jáde ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀. Ẹ fi wé ọjà tí a kó sí sọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò ní lọ kó òmíràn wá mọ́. Bó pẹ́ bó yá, pẹpẹ á ṣófo.

Bí ẹyin bá ti fẹ́ tán, nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé láàrin ọdún 45 sí 55 ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin káàkiri ayé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró kó tó pé ẹni 40 ọdún, ó yá jù, kí ó lọ rí dókítà. Àwọn dókítà kì í sì í sọ pé ó ti dúró pátápátá àfi tí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láì rí ẹ̀jẹ̀ rárá. Bó bá ku oṣù méjì kó pé, tó tún wá rí i, á tún ìkà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ni.

Ṣùgbọ́n kì í dúró lójijì. Ẹ ṣáà mọ bí iná mànàmáná ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn kó tó lọ. Á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú, á rẹlẹ̀, á tún mọ́lẹ̀ rekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà á wá lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ara wa. Ìṣẹ́jú iná yìí lè gba nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ẹlòmíràn kì í ju oṣù mélòó kan lọ, ẹlòmíràn á sì tó ọdún mẹ́jọ. Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà.

ÌDÍ TÍ KÌ Í FI NÍ ỌJỌ́ MỌ́

Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní hòmóònù. Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Ibì kan nínú ara ló ń rán wọn, ibòmíràn ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Méjì ni a fẹ́ kí ẹ dá mọ̀. Èyí tó ń jẹ́ estrogen ló ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ nínú ilé ọmọ lóṣooṣù, pé bóyá àlejò á dé. Bí ẹyin bá ti gbó tó jáde, èkejì tó ń jẹ́ progesterone á dé, á di ibùsùn náà mú kó má bàa nípọn jù. Bí oyún kò bá dúró, àwọn méjèèjì á lọ sílẹ̀, ibùsùn náà á wó dànù. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń rí nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣe déédéé, láti ọjọ́ tí ti oṣù yìí bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tí ti oṣù tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀, ó máa ń jẹ́ ọjọ́ 21 sí 35.

Nígbà tí ẹyin bá ti ń dín kù, ilé ẹyin kì í tètè dáhùn mọ́. Kókó kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tó máa ń ránṣẹ́ sí i, á wá máa pariwo, bí oníbàárà tó ń kan ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Lóṣù kan, ilé ẹyin á fò dìde, á yára ṣiṣẹ́, nǹkan oṣù á wá dé ní ọjọ́ 20 tàbí 22. Lóṣù mìíràn, ẹyin kankan kò ní jáde.

Bí ẹyin kò bá jáde, progesterone kò ní wá nìyẹn. Estrogen nìkan á wá máa tẹ́ ibùsùn lérí ibùsùn, oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa ní ó tó. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá wó, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀, á pẹ́, ó sì lè dì bọ́-bọ̀-bọ́ bí ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyẹn tí oṣù tí kò wá fi máa ń bí oṣù tó ya bí ìṣàn omi. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ló kóra jọ síbì kan tí a gbọ́dọ̀ fi oògùn gbígbóná lé jáde. Oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, tàbí kó ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ìyàtọ̀ ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń wà láàrin oṣù kan sí èkejì, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá wá di pé ó ń lo ọjọ́ 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé, ẹ mọ̀ pé òpin ti súnmọ́. Ọdún kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń kù.

OORU ÒJIJÌ, ÀÌSÙN ÀTI ÌGBÀGBÉ

Estrogen wà lára ohun tó ń bá ọpọlọ wọn ooru ara. Bó bá ti ń lọ sókè sódò, ọpọlọ á ṣì í wọ̀n. Á rò pé ara ti gbóná jù, á wá ṣí gbogbo fèrèsé. Ooru á gbéra láti àyà lọ sí ọrùn àti ojú, òógùn á bò wá, ọkàn á máa lù kìkì, lẹ́yìn náà òtútù á mú wa. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún lọ. Tòru ló ń da oorun rú. Ẹni tí kò sì sùn, ibi kékeré ni ìbínú rẹ̀ wà. Á gbàgbé iye tí oníbàárà fún un, á fún un ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣírò lórí láìkọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọpọlọ ń yẹ̀, ẹ máa kọ gbèsè àti àwìn sílẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ayé ló ń ṣe yín. Bí oorun bá padà, ọ̀pọ̀ ló ń padà.

Ẹ má fi pe ibà o. Ibà kì í wá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lọ. Láti 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ká gún ìka, ká wò ó, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Èyí sàn ju ká lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan fún ohun tí kì í ṣe ibà.

Ojú ara náà lè gbẹ, tí ìbálòpọ̀ á wá máa dunni. Ọ̀pọ̀ obìnrin á sá fún ọkọ, ọkọ á ní wọ́n ti ní ẹlòmíràn níta, ìjà á dé. Ẹ bá bàálé yín sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ara ló ń yí padà. Òróró olómi wà ní ilé oògùn tó ń mú un rọrùn, dókítà sì lè fún yín ní ohun tí ẹ máa fi síbẹ̀.

ṢÉ OYÚN KỌ́?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nǹkan oṣù tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ní kí obìnrin má lóyún. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyin bá ṣì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oyún lè dé. Nínú àṣà wa, ojú máa ń ti ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ ti bímọ láti gbé oyún, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sáré lọ sí kọ̀rọ̀ lọ ba ara wọn jẹ́. Ìfètòsọ́mọbíbí ló yẹ ká fi dènà rẹ̀. Ẹni tó ti pé 50, kí ó máa lò ó títí ọdún kan á fi kọjá láì rí nǹkan oṣù. Ẹni tí kò tíì pé 50, ọdún méjì ni. Bí nǹkan oṣù bá pẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìtọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún kẹ́ ẹ tó lo oògùn kankan.

Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá náà lè mú kí nǹkan oṣù ṣe ségesège tàbí kó dúró. Àrùn kókó ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid lè ṣe bẹ́ẹ̀, kókó inú ilé ọmọ tí wọ́n ń pè ní fibroid sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ọjọ́ orí.

Ọ̀RỌ̀ OYÚN ÌJU

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin sùn mọ́, kó má bàa gbé oyún ìju, ikùn á máa wú, kò sì ní bí i. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Ohun tí wọ́n rí, wọ́n rí i lóòótọ́: ikùn obìnrin mìíràn máa ń wú lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ kọ́ ló ń fa ìwú náà. Ó lè jẹ́ fibroid, ó lè jẹ́ kókó lára ilé ẹyin, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Fibroid sì sábà máa ń súnkì ni bí nǹkan oṣù bá ti dúró. Bí ikùn bá wá ń wú lẹ́yìn ìgbà yẹn, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá ń pè é ní oyún ìju tó jókòó ti ewé àti egbò, àkókò ló ń fi ṣòfò.

ÈYÍ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI ṢERÉ

A kì í fi ète sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ooru òjijì ni làpálàpá. Àwọn tí a kà sísàlẹ̀ yìí ni ète. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn:

1. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì tàbí aṣọ láàrin wákàtí kan sí méjì, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí bí i mélòó kan. Ọjọ́ kan náà ni ká lọ, ká má dúró di ọjọ́ kejì.
2. Ẹ̀jẹ̀ tó ju ọjọ́ 7 lọ.
3. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá láàrin oṣù kan sí èkejì, tàbí tó ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀.
4. Nǹkan oṣù tó ń dé kó tó pé ọjọ́ 21 léraléra.
5. Ojú tó ń ṣú, èémí tó ń tán bí a bá gbé ẹrù tí a máa ń gbé tẹ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tó funfun. Ẹ̀jẹ̀ ti dín kù lára nìyẹn.
6. Ẹ̀JẸ̀ KẸ́YÌN KẸ́YÌN: bí oṣù 12 bá ti kọjá láì rí nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ yòówù kí ẹ rí lẹ́yìn ìyẹn, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan péré, ì báà máa dunni tàbí kó má dunni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìkẹfà yìí. Àwọn kan máa ń dúpẹ́ bí wọ́n bá rí i. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run ti dá èwe mi padà." Èwe kì í padà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó lè jẹ́ pé ara ilé ọmọ ló fẹ́lẹ́, tàbí kókó kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ ilé ọmọ ṣe sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá tètè gbọ́ ohùn rẹ̀ lè rí ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ náà wà, kòkòrò HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, WHO sì ní kí obìnrin máa ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láti ọdún 30. Fún àwọn ọmọ wa, láti October 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀.

Ẹ FI KÁÀDÌ ÀJỌ ṢE ÀKỌSÍLẸ̀

Ìbéèrè tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?" Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lè dáhùn. Ẹ wo káàdì tí alájọ ń fi gba owó lójoojúmọ́. Ojú 31 ló wà nínú rẹ̀, oṣù kan gbáko. Ẹ gba ọ̀kan tí wọn kò ì kọ nǹkan sí. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wá, ẹ fa ìlà kan sí ojú ọjọ́ náà. Bó bá pọ̀, ìlà méjì. Bó bá dì, ẹ ṣe òdo. Bí ooru òjijì bá jí yín lóru, ẹ fi àmì tó-tò sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè ṣe é. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Káàdì yẹn á sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ tán.

Àǹfààní mìíràn ni pé ẹ kò ní náwó sí àyẹ̀wò tí kò pọn dandan. Ẹni tó ti lé ní ọdún 45, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí ooru sì ń mú un, kò nílò kí wọ́n yẹ hòmóònù rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Hòmóònù náà ń lọ sókè sódò ni, ti òní kì í jọ ti ọ̀la. Àyẹ̀wò tó máa ń wúlò ni ti oyún, ti ẹ̀jẹ̀ bóyá ó tó lára, àti fọ́tò ilé ọmọ tí a ń pè ní scan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, dókítà lè bu díẹ̀ lára inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò. Bó bá ní òun fẹ́ ṣe é, ẹ má sá.

OHUN TÍ A LÈ ṢE FÚNRA WA

Nínú ìsọ̀, ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ ní ìpele méjì kẹ́ ẹ lè bọ́ ti òkè. Ẹ ní abẹ̀bẹ̀ àti omi tútù nítòsí. Ẹ wò ó bóyá ata tó pọ̀, ọtí tàbí tíì gbígbóná ló ń fa ooru yín, kẹ́ ẹ dín in kù. Ẹ máa fi páàdì tàbí aṣọ mímọ́ kan sínú báàgì nígbà gbogbo, nítorí kì í kanlẹ̀kùn mọ́ kó tó wọlé.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára rẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó fi ọsàn sí i. Kó má máa mu tíì lé oúnjẹ, ó ń dí ara lọ́wọ́ láti rí èròjà inú oúnjẹ náà mú. Eegun wa máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ìgbà yìí, nítorí náà ẹ jẹ ẹja kékeré teegun-teegun, ẹ mu wàrà, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà déédéé.

Ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ inú ọjà náà kàn wá. Àwọn obìnrin wa ń mú ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí pé kò sí ibi tó dára. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya lójijì, ibo ló fẹ́ sá sí? Ilé ìyàgbẹ́ tó ní omi, tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì, kì í ṣe fàájì. Ẹ jẹ́ ká máa gbé e síwájú ìjọba ìbílẹ̀ wa ní gbogbo ìpàdé.

BÍ Ó BÁ LE JU BẸ́Ẹ̀ LỌ

Ìtọ́jú wà. Oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, ìfètòsọ́mọbíbí kan tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà tó ní progesterone nínú, òun náà ń dín in kù gan-an. Fún ooru àti àìsùn, oògùn hòmóònù wà. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative dẹ́rù ba gbogbo ayé lórí rẹ̀, torí jẹjẹrẹ ọmú, àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ dídì. Nígbà tí wọ́n tún un wò, wọ́n rí i pé ọjọ́ orí ṣe pàtàkì: fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró tó ọdún 10, tí ara ń ni lára, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí a ń rà lọ́wọ́ akiri. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan, kò yẹ ẹ́. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà kò sì gbọdọ̀ lo estrogen nìkan, a gbọ́dọ̀ fi ẹnìkejì rẹ̀ kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibùsùn inú ilé ọmọ á máa nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí a bá ń ka ọjà ká tó san owó, ẹ jẹ́ ká máa ka ọjọ́ ara wa náà. Ẹ ka ìwé yìí sí etí ẹni tí kò mọ̀wé ní ìsọ̀ tó kángun sí tiyín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọbìnrin yín, kó má bàa bá wọn lójijì. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi jẹ èrè iṣẹ́ wa. A ò ní ṣòwò fún dókítà ná o. Ire o.